Ẹni Tó Pe Orúkọ Mi Nínú Ìkùukùu

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ohun tí ojú mi rí lórí òkè kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni. Títí di àárọ̀ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ mi láti ẹ̀yìn, ara á kọ́kọ́ bù mí máṣọ kí n tó lè dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo ni mò ń gbé, pé iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ ti tàn ká. Àbígbẹ̀yìn wọn, Fọlákẹ́, wà ní Kánádà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ìgbà òtútù bá dé lọ́hùn-ún, tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, tí àwọn tí orí wọn pé ń dì mọ́ ohun tó ń mú ilé móoru, ìgbà yẹn ni ọmọ tèmi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń gun òkè lọ. Wọ́n á de pákó pẹlẹbẹ gígùn mọ́ bàtà, sikí ni wọ́n ń pè é, wọ́n á máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ sórí òkè tí kò sọ́nà, tí kò sílé, tí kò sí ẹni tí èèyàn lè bi léèrè ibi tó wà. Tí wọ́n bá dókè tán, wọ́n á yọ̀ wálẹ̀ lórí pákó náà. Ó ní ìgbádùn ni. Ìgbádùn kẹ̀!

Mo bi í lọ́jọ́ kan lórí fóònù pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí wọn kì í fi kú síbẹ̀.

"Bàbá mi, a kì í kàn dìde lọ," ló wí. "Ilé la ti máa ń rin ìrìn náà tán nínú ọkàn wa ká tó jáde."

Ó wá ń ṣàlàyé fún mi. Ó ní wọ́n á kọ́kọ́ wo bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, kì í ṣe nínú ìlú o, lórí òkè ọ̀hún gan-an. Ó ní yìnyín orí òkè máa ń wó lulẹ̀ nígbà mìíràn bí ògiri, á sì sin èèyàn mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí olúkúlùkù wọn fi ń so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àyà, kí àwọn tó kù lè fi wá ẹni tí yìnyín bá bò. Wọ́n ń gbé ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún inú yìnyín wá èèyàn. Wọ́n sì ń gbé ṣọ́bìrì. Ẹ gbọ́ ná, ọmọ tí mo rán lọ síléèwé, òun náà ló ń ru ṣọ́bìrì tí wọ́n máa fi wú u jáde!

Ó ní wọ́n á sọ fún ẹnì kan nílé, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà àti ìgbà tí wọ́n máa padà, kí ẹni náà lè figbe ta tí ìgbà yẹn bá kọjá tí wọn ò pè. Wọ́n á dá àkókò tí wọ́n máa yí padà, kódà kó ku díẹ̀ kí wọ́n dókè. Ó ní aṣọ òwú ò dáa lára ẹni tó ń lọ sírú ibẹ̀, torí tó bá ti tutù, ó tutù náà nìyẹn. Ó ní tí òtútù bá ń gbọn èèyàn, ó ṣì dáa. Ìgbà tí gbígbọ̀n bá dá, tí oorun wá ń kùn ún, ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹ̀rù bà á.

Mò ń gbọ́, mò ń ṣe hẹn-ẹn. Mo ní kí ló kàn mí nínú rẹ̀? Ta ló ti rí yìnyín lórí òkè nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rí?

Fọlákẹ́ yìí náà ló wá ní òun fẹ́ rí fọ́tò ibi tí wọ́n ti bí màmá mi. Orí òkè ni ibẹ̀ wà, lẹ́yìn Iléṣà. Ó ti di ahoro tipẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré ni gbogbo ará ibẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ wá sétí títì, ó wá ku igi obì, ògiri àti sàréè. Táyé, ọmọ àbúrò màmá mi, ṣì wà ní abúlé ìsàlẹ̀ òkè, ó ń ṣe kòkó, ó sì ń ká obì tó wà lókè yẹn. Mo pè é, ó ní kí n máa bọ̀, òun á mú mi débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Àlàájì, tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, ní òun ń tẹ̀lé mi, pé ìjókòó ti fẹ́ sọ ìdí òun di pákó.

Nígbà tí Fọlákẹ́ gbọ́ pé mo fẹ́ gòkè, ó fi báàgì kan rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Báàgì tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí wà níbẹ̀. Suẹ́tà kan tí kì í ṣe òwú wà níbẹ̀, ó wé e sínú ọ̀rá. Nǹkan kan tún wà tó ń dán bíi fàdákà, tí wọ́n ká kéré bí áńkáṣíìfù, àmọ́ tí èèyàn bá tú u, ó tó aṣọ ìbora. Fèrè kékeré kan, bíi ti rẹfirí, wà lára okùn báàgì níbi àyà.

"Bàbá, ohun tó bá wù yín lẹ lè fi sílẹ̀," ọmọ náà ní, "ẹ ṣáà má fi fèrè sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa fọn ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ ọ náà á ṣe ariwo kan lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé ẹnu mi ti yọ ni? Tí mo bá ń wá èèyàn, ṣé mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ ni?"

Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló já.

"Fèrè ló dáa jù, Bàbá," ló wá wí, ó sì yí ọ̀rọ̀ sí ohun tí mo jẹ lálẹ́ àná.

Ẹ ò bá gbọ́ ẹnu Àlàájì nígbà tó rí báàgì náà. "Bàbá Fọlá, ṣé àwọn abúlé màmá yín ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ni, tí wọ́n ń wá rẹfirí?" Ó tún na nǹkan tó ń dán yẹn sókè. "Èyí ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ yan ẹja ni?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wọ̀. Àǹkárá ni, bùbá àti ṣòkòtò, pẹ̀lú bàtà kánfáàsì. Àǹkárá, òwú nìyẹn o! Ọmọ mi ti sọ fún mi, àmọ́ ṣé ibi tí wọ́n ti bí ìyá mi ni kí n wọ aṣọ agbábọ́ọ̀lù lọ? Èjìká mi ò gba ẹrù, nítorí náà Àlàájì ló bá mi gbé báàgì. Ẹ fọkàn sí ìyẹn.

Nígbà tí a dé abúlé, ìyàwó Táyé se àgbàdo fún wa, ó di ìyókù fún wa pé ká máa jẹ ẹ́ lọ́nà. Ó béèrè ọ̀nà tí a máa gbà. Táyé ní ọ̀nà òkè ni. Ó béèrè ìgbà tí a máa dé. Mo ní kò ní pẹ́. Ṣé ìdáhùn nìyẹn?

Táyé ló ṣíwájú, ó wọ bàtà òjò, ó mú àdá lọ́wọ́. Èdè rẹ̀ ń dùn mọ́ mi létí. Ó ń pe igi ní "ugi", ó ń pe ilé ní "ulé", bí màmá mi ṣe máa ń pè é gẹ́lẹ́. A rìn títí a fi dé abẹ́ àpáta ńlá kan tí ewédò hù sí lára, ibẹ̀ ni mo ti rántí ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi.

Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí tó bá ń mú mi gòkè. Á dì mí lọ́wọ́ mú, á ní lórí òkè yìí, tí o bá gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ, tí o ò rí ẹnu tó ń pè ọ́, pa tìrẹ dé. Ó ní ọmọ kan dáhùn rí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ohùn náà lọ, wọn ò sì rí i mọ́. Mo bi Táyé bóyá wọ́n ṣì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Kò wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọjá ibí ná."

Kò pẹ́ sí i, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fín wínníwínní. Ìkùukùu sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn igi. Àlàájì dúró. Òtútù ti mú un láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ohùn rẹ̀ ti há, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ló ń dún. Ó ní ojú ọjọ́ yìí ò tẹ́ òun lọ́rùn, ká yí padà. Táyé wo ojú mi. Èmi ni mo ní rárá, ó ti kù fẹ́ẹ́rẹ́.

Ìtọ̀ wá ń gbọ̀n mí. Mo ní kí wọ́n máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo yà sẹ́yìn igi kan. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán tí mo yíjú padà, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Funfun báláú! Igi tí mo fara tì ni mo rí, mi ò rí èyí tó tẹ̀ lé e. Mo rí ilẹ̀ kan tó dà bí ọ̀nà, mo gbà á. Kì í ṣe ọ̀nà. Ibi tí àgbàrá ń gbà ni. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ewédò, ẹsẹ̀ sá lọ, mo sì fìdí yọ̀ títí mo fi balẹ̀ sínú kòtò kan láàárín àpáta méjì.

Mo gbìyànjú láti dìde, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀. Mo fa fóònù yọ, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Omi ń kán láti ara àpáta sí mi lórí. Àǹkárá mi ti rin gbindin, ó lẹ̀ mọ́ mi lára bí awọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín mi ń lu ara wọn. Mo ronú báàgì: suẹ́tà, tọ́ọ̀ṣì, fèrè. Gbogbo ẹ̀ wà lẹ́yìn Àlàájì.

Mo ní màá sinmi díẹ̀, kí n tó kígbe. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ.

"Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú orúkọ yẹn. Ní Òṣogbo, Bàbá Fọlá ni gbogbo ayé ń pè mí, orúkọ àbígbẹ̀yìn mi ló mọ́ wọn lẹ́nu. Táyé ò pe orúkọ mi rí láyé ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ni mo jẹ́ fún un. Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, màmá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Òun àti ìyá àgbà ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti wà nínú ilẹ̀. Ta ló wá wà lórí òkè yẹn tó lè la ẹnu pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ ṣákálá, láìfi nǹkan kan ṣáájú?

Ó tún pè. Ohùn náà ń ti ọ̀tún bọ̀, ó sì ń ti òsì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èdè Ìjẹ̀ṣà ló fi ń pè é, ó fa ìparí orúkọ náà gùn bí màmá mi ṣe máa ń fà á tó bá ń pè mí wá jẹun.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi. Ẹni tó ti kọ́ ìwé, tó ti jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba títí irun fi funfun! Mo rọra sún mọ́ àpáta, mo di ojú. Ohùn náà wá sókè orí mi gan-an. Mo gbọ́ tí ewé ń ró. Ó pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró, bí ẹni tó ń tẹ́tí. Mi ò mí. Ó wá kọjá, ó ń lọ, ó ń lọ, títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù kejì dé, òun ló sì burú jù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Kò sí ẹyẹ, kò sí èèyàn. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò mọ bó ti pẹ́ tó. Mo wá ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ̀n mọ́. Ara mi rọ̀, oorun ń kùn mí, ó ń dùn mọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohùn ọmọ mi: tí gbígbọ̀n bá dá, ìgbà yẹn ni kí ẹ̀rù ba èèyàn. Mo fẹ́ figbe ta báyìí. Ẹnu mi ò là. Tó bá jẹ́ ohun tó kọjá yẹn ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ńkọ́?

Fíìì! Fíìì! Fíìì!

Mo la ojú. Fèrè ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ìyá àgbà ò sọ nǹkan kan nípa fèrè. Èyíkéyìí tó bá wà lórí òkè yẹn, ṣé ó máa ní fèrè rẹfirí? Mo táràrà mú òkúta kan, mo fi lu àpáta. Kò, kò, kò.

Fèrè náà tún dún, ó sún mọ́ mi. Mo tún lù ú. Mo wá ń gbọ́ àwọn méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jà lókè.

"Àlàájì, ẹ máa lọ síwájú."

"Èmi kẹ̀? Òkè ta ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní fèrè. Tó bá jẹ́ Ẹ̀gbọ́n ló ń lu òkúta yẹn, kí ló dé tí wọn ò fi fọhùn?"

"Bí mo bá kú síbí, Táyé, ìwọ lo máa lọ sọ fún ìyàwó mi o. Àdúrà Áyátúlì-kúrúsíyù ni mò ń kà láti ìgbà yìí, mò ń fi fèrè pín in."

Mo mọ ohùn wọn. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Síbẹ̀, mi ò lè fọhùn. Àfìgbà tí mo rí fìlà Àlàájì tó yọ jáde nínú funfun yẹn, tí mo rí irùngbọ̀n rẹ̀, tí mo rí ẹnu tó ń sọ̀rọ̀, ni tèmi tó là, ẹkún ló sì bá jáde.

"Bàbá Fọlá," ó ní, "ṣé ẹ ti di adití ni?"

Wọ́n bọ́ aṣọ òwú yẹn kúrò lára mi, wọ́n wọ suẹ́tà fún mi, wọ́n fi nǹkan tó ń dán yẹn wé mi. Àlàájì ní ẹja ti wà nínú ẹ̀ báyìí. Wọ́n fún mi ní àgbàdo jẹ, títí gbígbọ̀n fi padà. Inú mi dùn sí gbígbọ̀n yẹn bí ẹni pé àlejò gidi ló wá kí mi.

Kí Táyé tó pọ̀n mí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo pe orúkọ yín láìbọ̀wọ̀."

Ìgbà náà ló tó yé mi. Ó ní òun ti kọ́kọ́ ń pe "Ẹ̀gbọ́n", ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó ní òun wá rò pé bóyá mo ti ṣubú, bóyá ọkàn mi ti ń lọ, pé orúkọ tí ìyá mi fi ń pè mí nìkan ló lè dá a padà. Ẹ ò rí i? Ìfẹ́ ló fi pè mí. Òkè orí mi gan-an ló dúró sí, tó ń tẹ́tí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó padà lọ sọ fún Àlàájì pé ó jọ pé mo ti kọjá sínú ọ̀gbun. Àlàájì fẹ́ kígbe, ohùn rẹ̀ ò jáde. Ibi tó ti ń fa okùn báàgì kí èémí lè tó o ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan fèrè, ó sì rántí ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo ti sọ fún un.

A ò dé ahoro. A ò ya fọ́tò kankan. Ní ọsibítù ní Iléṣà, wọ́n ní egungun ọrùn ẹsẹ̀ mi ti sán.

Lọ́jọ́ kejì ni mo sọ ọ́ fún Fọlákẹ́. Mo rò pé ó máa bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi orúkọ. Ó dákẹ́, bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ fèrè.

"Bàbá," ó ní, "èmi náà ṣe é."

Ó ní ìkùukùu bo àwọn lórí yìnyín lọ́dún kan, ilẹ̀ funfun, òkè funfun, ó sì já kúrò lẹ́yìn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè, ó mọ ohùn wọn. Ó dúró sẹ́yìn igi, ó pa ẹnu dé, wọ́n sì kọjá lọ. Fèrè ni wọ́n padà fi rí i.

"O ò sọ fún mi rí."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Òótọ́ ni. Ní Ìgbọ̀nà níbí, nígbà tí iná bá lọ, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn fún òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, màá yí ohùn padà, wọ́n á máa sá sábẹ́ tábìlì, inú mi á máa dùn. Mi ò mọ̀ pé ó máa tẹ̀ lé e dé Kánádà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Bí ẹ bá ń lọ síbi tí kò sọ́nà, ì báà ṣe oko obì, ì báà ṣe òkè yìnyín, ẹ sọ ibi tí ẹ ń gbà àti ìgbà tí ẹ máa dé fún ẹni tó kù nílé, ẹ má kàn ní kò ní pẹ́. Kí oníkálùkù gbé ẹrù ara rẹ̀. Kí ẹni tó bá kọ́kọ́ ní ká padà jàre. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ jọ fẹnu kò lórí bí ẹ ṣe máa pe ara yín. Mi ò sọ pé ìyá àgbà purọ́ o. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀rù ohun tí mi ò rí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lójú ẹni tó ń wá mi.

Ọyẹ́ ti dé ní Òṣogbo, yìnyín sì ti bo Kánádà. Fọlákẹ́ ń gòkè lọ́la. Èmi ló ń sọ ọ̀nà fún báyìí, èmi ló ń sọ ìgbà tó máa dé fún. Kó tó jáde, á fọn fèrè sínú fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, èmi náà á fi ìka lu apá àga mi lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, màá jókòó ti fóònù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n kọ́ yín nípa ẹni tó ń pe orúkọ yín nínú igbó? Ṣé ẹ dáhùn rí, àbí ẹ pa ẹnu dé? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Títí fóònù yẹn yóò fi dún lọ́la, mo fẹ́ ní nǹkan tí mo máa kà.